Kóòtù dá Nick Griffin lẹ́bi, báwo ló ṣe tún wá di aṣòfin?

Àbúrò kan tó ń gbé ní Dagenham ló kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ ní Ìlú Ọba, pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti dárúkọ Nick Griffin létí òun, ẹnì kan ní kóòtù ti dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi rí torí ọ̀rọ̀ ìkórìíra, ẹlòmíì ní irọ́ ni, pé ṣebí aṣòfin ni. Ó wá bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló jóòótọ́ níbẹ̀? Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi lóòótọ́, báwo ni wọ́n ṣe gbà kó dupò? Kí wá ni òfin yẹn wà fún, ṣé ó lè gba irú wa sílẹ̀ ṣá?"

Àbúrò mi, méjèèjì ló jóòótọ́. Olóṣèlú òyìnbó tó kórìíra àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn Júù ni Griffin. Kóòtù dá a lẹ́bi ní 1998, ó sì di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Yúróòpù ní 2009. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn wa ṣe ẹjọ́ ilé àti ti ìwé ìgbélùú ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, Dagenham tó o wà yẹn náà sì ni mò ń gbé nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí gbóná janjan, torí náà fara balẹ̀ kà á, ó máa gùn díẹ̀.

Má rò ó pé jàǹdùkú kan tí ò kàwé ni o. Barnet ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1959, Cambridge ló lọ, ó ka ìtàn, ó tún ka òfin, ó tiẹ̀ máa ń kan ẹ̀ṣẹ́ fún yunifásítì náà. Ọmọdé ṣì ni nígbà tó wọ National Front, ẹgbẹ́ tó ń yan kiri ìgboro láyé ọdún 1970 pé kí wọ́n kó gbogbo aláwọ̀ dúdú padà síbi tí wọ́n ti wá. Àwọn àgbà wa tó ti wà ní Deptford àti New Cross nígbà yẹn, bi wọ́n léèrè ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 1977, wọ́n á sọ fún ẹ bí Lewisham ṣe dàrú lọ́jọ́ náà nígbà tí National Front ní àwọn fẹ́ yan gba àdúgbò wọn kọjá, tí àwọn ará ibẹ̀ dúró sójú títì tí wọ́n ní kò jọ ọ́. Ibi tí Griffin ti kọ́ òṣèlú nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tó wá fi lókìkí ni British National Party, BNP. John Tyndall ló dá a sílẹ̀ ní 1982. Ẹni tó bá ti ń gbé Thamesmead tàbí Plumstead láti ayé yẹn ò lè gbàgbé ilé ìtàwé tí wọ́n fi ṣe olú ilé ẹgbẹ́ ní Welling, torí àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó pa Rolan Adams, ọmọ ọdún 15, ní Thamesmead ní 1991, tí wọ́n tún gún Stephen Lawrence pa ní Eltham ní 1993. Àwọn ìyá wa ò jẹ́ kí ọmọ dúró sí bus stop lẹ́yìn agogo mẹ́jọ alẹ́. Ọdún 1995 ni wọ́n tó ti ilé ìtàwé yẹn pa, ọdún yẹn náà sì ni Griffin wọ inú BNP.

Wales ló ń gbé nígbà yẹn, ó sì ń ṣe olóòtú magasíìnì kan tí wọ́n ń pè ní The Rune. Ọ̀rọ̀ àwọn Júù ló gbà á lọ́kàn jù níbẹ̀, pé irọ́ ni pé Hitler pa mílíọ̀nù mẹ́fà nínú wọn, pé wọ́n kàn fi ń tan ayé jẹ ni. Ẹni tó mú magasíìnì náà tọ ọlọ́pàá lọ ni Alex Carlile, aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò tí Griffin fúnra ẹ̀ ń gbé, lọ́ọ̀yà àgbà ni, Júù láti Poland sì làwọn òbí ẹ̀. Ẹjọ́ dé Harrow Crown Court. Griffin ò tọrọ àforíjì o, ńṣe ló pe Robert Faurisson, ará Faransé kan tí kóòtù ilẹ̀ ẹ̀ ti dá lẹ́bi torí irú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà, pé kó wá jẹ́rìí fún òun, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà yẹn gbọ́ ò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń gbà gbọ́ láyé àtijọ́ pé ayé rí pẹrẹsẹ. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n oṣù 9 ni adájọ́ fún un, ó ní kó má tíì lọ ṣe é, àfi tó bá tún ṣẹ̀ láàárín ọdún 2, wọ́n sì ní kó san £2,300.

Ohun kan wà tó máa ń dojú rú fáwọn èèyàn níbẹ̀. Ní Faransé àti Jámánì, tó o bá sẹ́ ìpakúpa àwọn Júù, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin. Ní Ìlú Ọba, irọ́ yẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin tí wọ́n fi mú Griffin ni Public Order Act ti 1986, ohun tí òfin yẹn ń wò ni pé ṣé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ìhàlẹ̀, èébú tàbí ìwọ̀sí, àti pé ṣé èèyàn fẹ́ fi dá ìkórìíra sílẹ̀ sí ẹ̀yà kan, tàbí bó ṣe sọ ọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìkórìíra tibẹ̀ jáde. Ọlọ́pàá ò sì lè dá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ kóòtù, Attorney General, lọ́ọ̀yà àgbà ìjọba, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Láyé ìgbà yẹn ọdún 2 ni ìyà ẹ̀ tó pọ̀ jù, ọdún 2001 ni wọ́n sọ ọ́ di ọdún 7.

Ó dáa, báwo ló ṣe wá dupò? Ohun tó o bi mí gan-an nìyẹn. Òfin tó de àwọn tó fẹ́ ṣe aṣòfin nílẹ̀ yìí, 1981 ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn tí Bobby Sands, ará Ireland tó ń febi panú nínú ẹ̀wọ̀n, wọlé ìbò ilé aṣòfin látinú ẹ̀wọ̀n. Òfin náà ní ẹni tí wọ́n bá rán lọ ẹ̀wọ̀n tó ju ọdún 1 lọ ni ò gbọ́dọ̀ dupò, ìyẹn náà sì ni ìgbà tó bá ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n. Oṣù 9 ni ti Griffin, kò tiẹ̀ wá fẹsẹ̀ kan ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò kàn án rárá. Bẹ́ẹ̀ ipò káńsẹ́lọ̀, tí kò ju kéèyàn máa rí sí ọ̀rọ̀ ilé àti ìdọ̀tí àdúgbò lọ, òfin tiẹ̀ le jù ú lọ, torí ẹni tí wọ́n bá dá ẹ̀wọ̀n oṣù 3 sókè fún, bí wọ́n tiẹ̀ ní kó má tíì ṣe é, ọdún 5 gbáko ni kò ní lè ṣe káńsẹ́lọ̀. Ìyẹn ni pé títí di 2003, Griffin ò lè wọ káńsù Barking, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin ní Westminster ṣí sílẹ̀ fún un gbayawu. Mo ti ṣàlàyé eléyìí fáwọn èèyàn láìmọye ìgbà, inú mi ò sì dùn sí i rí. Mi ò ní kí wọ́n ti ẹnikẹ́ni mọ́ta títí ayé, ṣùgbọ́n kí òfin le lórí ipò kékeré kó wá rọ̀ lórí ipò ńlá, kò bójú mu.

Ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ ní Harrow kì í ṣe pé kó jáwọ́, bó ṣe máa yí ẹnu padà ló kọ́. Ní 1999 ó na Tyndall nínú ìbò abẹ́lé, ó di olórí BNP. Ọdún tó tẹ̀ lé e ó wà ní Amẹ́ríkà lórí àga kan náà pẹ̀lú David Duke, ẹni tó ti ṣe olórí Ku Klux Klan rí, wọ́n sì ká a sínú fídíò. Ó ṣàlàyé fún wọn pé òun ò ní pa ìgbàgbọ́ ẹgbẹ́ tì, òun kàn máa wá ọ̀rọ̀ tó ṣeé tà ni, òmìnira, ààbò, ìdánimọ̀, ìjọba tiwa-n-tiwa, torí kò sẹ́ni tó lè bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi, bó o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, má gbàgbé fídíò yẹn. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó bọ́ bàtà jàǹdùkú, ó wọ súùtù àti táì, ṣùgbọ́n ibi tó ń lọ ò yí padà. Ní 2001, lẹ́yìn tí ìjà láàárín àwọn òyìnbó àtàwọn ará Éṣíà dá ìlú Oldham rú, ó lọ dupò aṣòfin níbẹ̀, ó sì kó ìbò 6,552.

Ó tún rí ihò mìíràn nínú òfin. Ẹ̀yà nìkan ni òfin 1986 ń dáàbò bò. Kóòtù ka àwọn Júù àti Sikh sí ẹ̀yà, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ni Ìsìláàmù, kì í ṣe ẹ̀yà, torí náà ẹni tó bá lanu bú Mùsùlùmí ń sọ ọ́ lábẹ́ òrùlé tí òjò ò pa. Griffin kàn gbé ìbọn ẹ̀ látorí àwọn Júù sórí àwọn Mùsùlùmí ni. BBC rán akọ̀ròyìn kan wọnú ẹgbẹ́ wọn bí ẹni pé ọmọ ẹgbẹ́ ni, ní 2004 wọ́n gbé ohun tó ká sórí tẹlifíṣọ̀n, Griffin ló ń pe Ìsìláàmù ní ẹ̀sìn burúkú, ẹ̀sìn ìkà. Wọ́n gbé òun àti Mark Collett, ọmọ ẹgbẹ́ BNP bíi tiẹ̀, lọ sí Leeds Crown Court. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹjọ́ yẹn ń parí, oṣù kìíní sí oṣù kejì 2006, ìjọba gbé òfin tuntun wá sílé aṣòfin láti dí ihò yẹn, àwọn aṣòfin sì rọ̀ ọ́ palẹ̀, ìbò 283 sí 282. Ìbò kan ṣoṣo! Tony Blair tó jẹ́ olórí ìjọba fúnra ẹ̀ ti kúrò nílé aṣòfin lọ sílé kí wọ́n tó dìbò. Torí ẹ̀ ni òfin tó wà lórí ẹ̀sìn dòní ò fi le tó ti ẹ̀yà, ìhàlẹ̀ nìkan ló ń mú, kò mú èébú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ńṣe lèèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ dá ìkórìíra sílẹ̀. Ní Leeds, ẹnu àwọn ará ìlú 12 tó gbọ́ ẹjọ́ ò kò lórí àwọn ẹ̀sùn kan, wọ́n tún un gbọ́, nígbà tó di oṣù kọkànlá 2006 wọ́n ní kí Griffin àti Collett máa lọ sílé wọn lómìnira. Ó jáde síta kóòtù bí akọni. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ó wá ku ti Dagenham wa. Ilé tó o ń gbé yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara Becontree, èyí tí ìjọba kọ́ láàárín ogun àgbáyé méjèèjì fáwọn òṣìṣẹ́, kò sí àdúgbò ilé ìjọba mìíràn tó tóbi tó ìyẹn lágbàáyé nígbà yẹn. Ford ló ń gba àwọn ọkùnrin ibẹ̀ síṣẹ́, látorí bàbá dórí ọmọ. Thatcher wá ní káwọn tó ń háyà ilé ìjọba máa rà á, wọ́n rà á, owó ò tún padà wá kọ́ òmíràn, àwọn tó rà á náà ta tiwọn, ilé Dagenham sì jẹ́ èyí tó rọjú jù ní Lọ́ńdọ̀nù, bí àwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá láti Peckham àti Hackney nìyẹn, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àwọn olùtọ́jú arúgbó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì kó tó rí owó mortgage san. Ní 2002, Ford dáwọ́ kíkọ́ mọ́tò dúró ní Dagenham. Ọmọ òyìnbó tó ti ń retí ilé káńsù láti ọdún méje rí aláwọ̀ dúdú tó ń já àpótí wọlé sílé tó kọjú sí tiẹ̀, kò mọ̀ pé rírà ni wọ́n rà á.

Inú ọgbẹ́ yẹn ni BNP ki ọwọ́ bọ̀. Wọ́n tẹ ìwé pélébé, wọ́n ń já a sí ẹnu ọ̀nà kiri, wọ́n pe àkọlé ẹ̀ ní "Africans for Essex", pé ìjọba ń fún àwọn ará Áfíríkà ní owó tó tó £50,000 kí wọ́n wá ra ilé sí Barking àti Dagenham. Irọ́ gbuu ni. Kò sí owó kankan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìyá òyìnbó kan wà nílé tó ti tèmi, opó ni, ọmọ ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Ford rí, ó máa ń gba lẹ́tà sílẹ̀ fún wa tá ò bá sí nílé. Ó kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, kò wọlé, orí ìloro ló dúró sí, ó bi mí pé kí n má bínú, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n fún mi lówó ra ilé? Mo wọlé, mo lọ mú ìwé tí báńkì fi ń sọ iye tí mo jẹ wọ́n, mo fi gbèsè ọdún 25 hàn án, mo fi iye tó ń jáde lóṣooṣù hàn án. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní wọ́n sọ fún àwọn ni. Ilé kan nìyẹn o, ilé mélòó ni kò sẹ́ni tó máa mú ìwé báńkì jáde fún?

Ní oṣù karùn-ún 2006, káńsẹ́lọ̀ 12 ni BNP rí gbà ní Barking àti Dagenham, nínú 13 tí wọ́n dù. Margaret Hodge tó ń ṣojú Barking nílé aṣòfin ti sọ kí ìbò náà tó dé pé nínú ìdílé òyìnbó 10 tí òun bá sọ̀rọ̀, 8 ló ń rò ó láti dìbò fún BNP. Àwọn kan bínú sí i pé ó polówó fún wọn. Èmi ò bínú, ohun tó rí ló sọ.

Ní 2009, ìròyìn owó táwọn aṣòfin ń fi ọgbọ́n gbà lọ́wọ́ ìjọba gba ìlú kan, inú ń bí gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ sì jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò Yúróòpù. Griffin gba ipò kan nínú 8 tó wà fún North West England. Wo nǹkan yìí dáadáa: ní 2004 ìbò tí BNP ní lágbègbè yẹn lé díẹ̀ ní 134,000, wọn ò rí nǹkan kan gbà. Ní 2009, 132,000 àti díẹ̀ ni wọ́n ní, ó dín kù, ó sì wọlé! Ìdí ni pé iye àwọn tó jáde dìbò wálẹ̀ láti bíi 4 nínú 10 sí bíi 3, ìbò tiẹ̀ sì wá tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó jókòó sílé ló fà á wọlé.

Oṣù kẹwàá ọdún yẹn BBC pè é sí Question Time, ètò tẹlifíṣọ̀n táwọn ará ìlú ti ń bi àwọn olóṣèlú léèrè ọ̀rọ̀, bíi mílíọ̀nù 8 èèyàn ló wò ó. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Bonnie Greer, ló jókòó tì í. Nígbà tí David Dimbleby, olóòtú ètò náà, bi í léèrè nípa àwọn Júù tí Hitler pa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òfin Yúróòpù ò jẹ́ kí òun lè ṣàlàyé, wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Duke sí i létí. Àwọn kan ní kò yẹ kí wọ́n pè é rárá. Èrò tèmi ni pé ó dáa báwọn èèyàn ṣe rí i lójúkojú, ṣùgbọ́n mi ò rò pé tẹlifíṣọ̀n ló lé e lọ.

Ẹsẹ̀ ló lé e lọ. Ní 2010 ó wá dupò aṣòfin ní Barking, lọ́wọ́ Hodge. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, Hodge àtàwọn ènìyàn ẹ̀ ń ti ilé kan bọ́ sí ìkejì, kì í ṣe láti bẹ̀bẹ̀ ìbò nìkan, wọ́n ń béèrè ohun tó ń dun onílé, wọ́n ń padà wá sọ èsì. Àwọn Hope Not Hate, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìkórìíra, kó àwọn olùyọ̀ọ̀da ara ẹni wá láti ibi gbogbo. Ṣọ́ọ̀ṣì wa, mọ́ṣáláṣí wa, tẹ́lẹ̀ wọn kì í sọ ti ìbò Ìlú Ọba, ọdún yẹn wọ́n ń gbé fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn. Mo rí ìyá àgbà kan tó ti tó 20 ọdún nílùú yìí tí kò dìbò rí, ó ní òun rò pé àfi ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù pupa. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Hodge fi ìbò tó lé ní 16,000 ju ẹni tó ṣe ẹnì kejì lọ, Griffin ṣe ẹnì kẹta pẹ̀lú 6,620, àwọn káńsẹ́lọ̀ BNP 12 yẹn lọ pátápátá, Labour, ẹgbẹ́ Hodge, sì gba gbogbo ipò 51 tó wà ní káńsù.

Ìyókù ò gùn. Gbèsè lọ́ọ̀yà mú kí kóòtù sọ pé kò lè san gbèsè mọ́ ní oṣù kìíní 2014, ní oṣù karùn-ún ó pàdánù ipò Yúróòpù, ní oṣù kẹwàá BNP, ẹgbẹ́ tó darí fún ọdún 15, lé òun fúnra ẹ̀ jáde.

O ní ṣé òfin yẹn lè gbà wá sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ikú àwọn ọmọ kéékèèké ní Southport ní 2024, obìnrin kan tó kọ ọ́ sórí X pé kí wọ́n dáná sun àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó àwọn tó ń wá ibi ìsádi sí, ẹ̀wọ̀n oṣù 31 ni wọ́n fún un. Tí ẹnì kan bá kọ irú ẹ̀ sí WhatsApp ibi iṣẹ́ yín, má ṣe bá a jà níbẹ̀, ya àwòrán ẹ̀ kó tó pa á rẹ́, kí déètì àti orúkọ hàn, kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, lọ fi sun ọlọ́pàá, nọ́ńbà 101 tàbí True Vision, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi ìwà ìkórìíra sun ọlọ́pàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 999 tó bá jẹ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá bá ẹ nísìnyí. Gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn kó o tó sinmi.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò dí ẹnu ọ̀nà ìbò mọ́ Griffin, àwọn tó ń dìbò ló dí i. Ìwọ náà sì wà lára wọn. Ọmọ Commonwealth ni ẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ìwé ìgbélùú ẹ bá péye, o lè dìbò káńsù, o lè dìbò aṣòfin, kò dìgbà tó o bá di ọmọ Ìlú Ọba. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa forúkọ sílẹ̀, National Insurance number ẹ ni wọ́n máa béèrè. Lọ́jọ́ ìbò wọ́n máa ní kó o fi ìwé tó ní fọ́tò ẹ hàn, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà aláwọ̀ ewé tó wà nínú àpótí ẹ yẹn, wọ́n ń gbà á.